Ọjọ́ Tí A Gbé Bàbá Lọ Wo Ọ̀sà

Ẹni tó bá ní gbígbé ọmọ méjì àti arúgbó kan jáde fún ọjọ́ kan rọrùn, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti dán an wò rí. Èmi ti dán an wò. Tíṣà ni mí ní Atíkorí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, owó tíṣà kò sì lè gbé èèyàn dé àwọn ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìsinmi Àjíǹde ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi, Tọ́mi àti Ayọ̀ká, ti ń yí gbirigbiri lórí àga, tí wọ́n ń tẹ fóònù mi títí iná fi ń tán nínú ẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, ṣé kò síbi tí a lè lọ nítòsí, ká rí nǹkan gidi, ká sì padà sílé láìjẹ gbèsè?

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú ni ojú bàbá mi. Ọ̀dọ̀ wa ni Bàbá ń gbé láti ìgbà tí màmá mi ti ṣaláìsí. Ojú rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé oògùn tí à ń kán sí i kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ó kàn ń di ìyókù mú díẹ̀ ni. Àfi tí oòrùn bá mú kó tó ríran, ìyẹn náà sì dà bíi kéèyàn máa yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí à ń jẹun, ló sọ fún mi pé, "Rẹ̀mí, kí ojú yìí tó ṣú tán, mo fẹ́ kí a lọ sí etí ọ̀sà ní Ìwopin. Gbogbo wa."

Mi ò bi í léèrè ìdí. Mo mọ ohun tí ọ̀sà jẹ́ fún un. Nígbà tí òwò gẹdú ṣì ń gbóná ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ariwo ilé ìlagi máa ń jí wa láàárọ̀, tí òórùn lẹ́búlẹ́bú igi wà lára aṣọ gbogbo wa, Bàbá wà lára àwọn géńdé tí í so igi gẹdú pọ̀ lórí omi bí ẹní, tí wọ́n á dúró lé e lórí, tí wọ́n á sì máa fi ọ̀pá gígùn tì í lọ sí Èkó. Orí igi yẹn ni wọ́n ti ń dáná, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn. Ó gbé mi lọ sí etí ọ̀sà náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú ọkọ̀ agbégẹdú. Mo jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń jẹ ẹja yíyan tó gbóná fẹlifẹli, mo sì rò pé bàbá mi ló ni gbogbo omi náà. Ìgbà yẹn mà dáa o! Àárò rẹ̀ ń sọ mí títí di òní.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì kó ohun àtijọ́ jọ sí nínú ilé ara rẹ̀. Owó àbáwọlé ibẹ̀ kò ju owó búrẹ́dì kékeré lọ, wọn kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọdé. A ó kọ́kọ́ débẹ̀ ní kùtùkùtù, lẹ́yìn náà a ó kọrí sí Ìwopin, kí a lè débẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà ní àárín orí. Múfú, aládùúgbò wa tó ní mọ́tò, gbà pé kí n ra epo, kí n fún un lówó iṣẹ́ ọjọ́ kan, kó sì bá wa jẹun. Oúnjẹ ilé ni a ó gbé dání, nítorí oúnjẹ ojú ọ̀nà ló máa ń jẹ owó ìrìn àjò tán. Mo ti dín ọ̀jọ̀jọ̀ láti alẹ́, mo sì ti se mọ́ínmọ́ín eléwé.

Ìdájí ni a jáde. Kí n tó jí àwọn ọmọ, Bàbá ti wọ aṣọ, ó ti dé fìlà, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́," ló sọ.

Múfú wo kúlà méjì, àpò mẹ́ta àti ẹní tí mo kó síta. "Àǹtí tíṣà, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ni?"

"Gbé e síbẹ̀, jàre."

Èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfú kí n lè máa darí ètò. Bàbá wà lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tán nígbà tí a wọ Òrù, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi: "Múfú, yà sí ilé Bísí."

Bísí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí àwa ń pè ní Ìyá Òrù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yà tí a bá ń bọ̀."

"Kí n gba ẹnu ọ̀nà àbúrò mi kọjá nínú mọ́tò? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rojọ́ mi nípàdé ẹbí ni?"

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí o bá gba iwájú ilé èèyàn rẹ kọjá láìsọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á ṣáájú rẹ délé. Mo ní kò burú, ìkíni ìdúró ni. Èmi náà mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, nítorí kò sí ìkíni ìdúró ní Ìjẹ̀bú. Ìyá Òrù rí wa, ó kígbe, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dì mọ́ àwọn ọmọ. Ó ń sọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, àwọn ọmọ mi tí Yorùbá ilé-ìwé nìkan wà lẹ́nu wọn sì ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé ewùrà jáde.

"Ẹ ẹ̀ ní í fi ẹnu gbígbẹ kúrò lọ́dọ̀ mi," ló ní. "Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ sè."

"Màmá, a gbé oúnjẹ dání."

Ó wo kúlà mi bíi pé kúlà náà bú u. Mo gbé e padà sínú mọ́tò.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́? Èèyàn á bẹ ewùrà, á rin ín, á po ata, á dúró kí ọbẹ̀ hó kó tó máa fi ọwọ́ dá ewùrà sínú ẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ń kánjú. Oòrùn yọ, ó gun orí òrùlé, ó kúrò níbẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ jókòó sórí àpótí nínú oòrùn gangan, àbúrò rẹ̀ ń rin ewùrà níwájú ẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Bísí, kúrò lábẹ́ òjìji, súnmọ́ ibí." Wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ń rìn lọ rìn bọ̀ lágbàlá, mò ń wo ojú ọ̀run, inú ń bí mi. Nígbà tí oúnjẹ dé, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tọ́ ọwọ́ lá. Kí n má purọ́, ó dùn.

Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà. Ọ̀kadà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò bí eéṣú, ilé tí wọ́n ń háyà fún wọn ti bo ibi tí mo mọ̀ sí oko kòkó nígbà kan rí. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé náà ló gbà wá lálejò, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Inú iyàrá mẹ́ta ni wọ́n to ohun gbogbo sí: áyọ́ọ̀nù eléèédú, giramafóònù, agbọ̀n obì, òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ, àti ayùn gígùn tí èèyàn méjì máa ń fà. Irú áyọ́ọ̀nù yẹn ni màmá mi fi lọ yunifọ́ọ̀mù mi títí mo fi jáde prámárì. Mo fọwọ́ kàn án, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Bàbá kò bá wa kiri. Ó wá àga kan lẹ́bàá wíńdò, ó ní kí àwọn ọmọ máa wò ó wá, kí wọ́n máa wá sọ fún òun. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ayùn, Tọ́mi pariwo pé ó gùn ju òun lọ. Obìnrin náà gbà kí wọ́n gbé e.

"Ẹ gbé e wá síbí, níwájú wíńdò," Bàbá ní. "Tọ́mi, ìwọ fà á. Ayọ̀ká, má tì í o, jẹ́ kó fà á, kí ìwọ náà tó fà á padà."

Àwọn ọmọ ń fa ayùn nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé, Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni èmi dúró sí, mò ń ké pé, "Ó tó o! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

A gba Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ọ̀nà Bìní, a sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún, sínú ọ̀nà tó ń lọ sí Abígí àti etí omi. Níbẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Kòtò wà nínú kòtò. Igbó ọba dí lápá kan, a sì pàdé ọkọ̀ agbégẹdú kan tí igi orí rẹ̀ kò ju itan mi lọ. Bàbá bi Múfú pé báwo ni igi náà ṣe tóbi tó. Múfú sọ fún un. Bàbá kàn mi orí.

Ìkùukùu wá bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. "Múfú, tẹ mọ́tò," mo ní.

"Àǹtí, ọ̀nà yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń kánjú. Tí táyà bá bẹ́, ibí la máa sùn."

Mo yíjú sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ rí i, Bàbá? Ìkọ́kọrẹ́ ti jẹ oòrùn wa tán."

"Ó dùn, àbí kò dùn?" ni gbogbo èsì tó fún mi.

Ní Ìwopin, afẹ́fẹ́ ń run ẹja àti omi. Àwọ̀n ni wọ́n sá sí iwájú ilé, níbi tí àwa á sá kòkó sí. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni oòrùn ń wọ inú ìkùukùu tó sì ń jáde. Mo di ọwọ́ Bàbá mú dé etí ọ̀sà, mo dá a dúró kọjú sí omi, mo ní kí àwọn ọmọ dúró tì í, mo sì sáré lọ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan kí ó lè gbé wa yí ká díẹ̀. Ó dá iye kan, mo kígbe. Ó ní nítorí epo ni. Mo ní ṣé epo gbogbo Ìwopin ló fẹ́ kí n rà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó já a wálẹ̀ sí ìdajì. Inú mi dùn. Mo yíjú padà.

Bàbá ti kẹ̀yìn sí ọ̀sà.

"Bàbá! Ẹ̀yìn yín lọ̀sà wà! Ẹ yíjú síbẹ̀, kí oòrùn tó lọ!"

"Mo mọ ibi tí ọ̀sà wà," ló dáhùn.

Oòrùn ti yọ láàárín ìkùukùu, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta láti orí omi sí ojú àwọn ọmọ mi méjèèjì. Bàbá fi ọwọ́ gbá Ayọ̀ká ní àgbọ̀n mú, ó ń yí ojú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì.

"Rẹ̀mí, ìpéǹpéjú ìyá rẹ nìyí. O ò sọ fún mi."

Mo wo ojú Ayọ̀ká.

"Kò síbi tí a ti ń rí ojú èèyàn bíi etí omi," ló ní. "Òkè ń tàn, ìsàlẹ̀ ń tàn. Ìdí tí mo fi ní ká wá nìyí. Ọ̀sà kò lè sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, tí mo bá dijú báyìí, mò ń rí i. Ẹ̀yin ni mi ò tíì wò yó."

Ìgbà yẹn ni gbogbo ọjọ́ náà yé mi. Bísí tí Bàbá ní kó kúrò lábẹ́ òjìji. Wíńdò tó jókòó sí ní Àgọ́-Ìwòyè. Èmi ṣètò ibi tí a ó lọ. Bàbá mi ṣètò àwọn tí òun ó wò.

"Ìwọ náà súnmọ́ ibí," ló ní. "Láti àárọ̀, ẹ̀yìn orí rẹ nìkan ni mò ń rí."

Mo lọ. Mo dúró níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè wá ojú mi. Ìkùukùu sì bo oòrùn. Mo rí i nígbà tí ojú rẹ̀ pàdánù mi, tó ń wò ré kọjá etí mi.

"Ó ti lọ," ló sọ wẹ́rẹ́.

A wọ ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ti ọwọ́ bọ omi, ó ń sọ ìtàn orí gẹdú fún àwọn ọmọ, wọ́n ń bi í léèrè, ó ń dáhùn. A jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, a ra ẹja yíyan, oòrùn kò sì padà yọ mọ́. Nígbà tí a ń lọ sílé, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé Atíkorí ní àsìkò tí wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹbí yín jáde, ẹ gbé oúnjẹ ilé dání, ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ epo kí ẹ tó gbéra, ẹ sì mú ibi kan tàbí méjì péré. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó jáde. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kí n jókòó ti àwọn tí mo gbé jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọ̀run dá ṣáṣá. Mo gbé àga méjì sí iwájú ilé, ní ibi tí oòrùn àárọ̀ ti í kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ ní ebi ń pa àwọn, mo ní kí wọ́n dúró. Mo fa Bàbá jáde, mo fi í sórí àga kan, mo gbé àga kejì súnmọ́ ọn títí eékún wa fi kanra, mo tú gèlè orí mi, mo sì jókòó.

"Bàbá," mo ní, "èmi nìyí. Ẹ máa wò mí."