Àwọn Ẹyẹ Tó Ń Fi Orí Sọ̀kalẹ̀ Lójú Fèrèsé Ìyá Awò

Máṣíìnì tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ Ìyá Awò yẹn, ìgbà tó ránṣọ gbẹ̀yìn, ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló ni ín. Kí màmá yẹn tó kú ló ti sọ lójú gbogbo ilé pé ìyàwó ọmọ òun ni kí wọ́n gbé e fún, torí pé ìyàwó yẹn ní sùúrù. Ìyàwó sì fi sùúrù lò ó lóòótọ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, ó gbé òdòdó oníke lé e, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó to aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀ lé e, ó sì ń pè é ní máṣíìnì síbẹ̀.

Ìyá Awò ni wọ́n ń pè é torí ṣọ́ọ̀bù awò ojú tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dúró síwájú páálí ara ògiri, kó máa fi igi nawọ́ sí àmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, kó sì máa bi èèyàn pé, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjú sókè ni àbí sísàlẹ̀?" Ẹni tó bá ṣì í, ó máa rọra mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́rùn. Tó bá délé, ó máa ròyìn ẹ̀ fún ọkọ ẹ̀.

"Bàbá kan rèé lónìí, olówó, tó wọ bàtà tó ń dán. Ó ní òkè ni ìsàlẹ̀."

"Ó dáa," ni ọkọ ẹ̀ máa wí. Ọkùnrin yìí ń tún fáànù ṣe, kò sì sí nǹkan tí wọ́n sọ fún un tí ò dáa. Orúkọ tí àdúgbò fún un náà nìyẹn, Ó-Dáa.

Ayé wọn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí Àǹtí Àgbà fi pè sórí fóònù. Àǹtí Àgbà ni ẹ̀gbọ́n Ó-Dáa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí màmá bí, tí wọ́n sì gbójú fò dá tí wọ́n fi máṣíìnì fún ìyàwó ilé. Kò tíì gbàgbé.

"Máṣíìnì màmá mi ńkọ́?"

"Ó wà, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé ó wà. Kí ló ń rán?"

Ìyá Awò wo áyọ́ọ̀nù tó jókòó sórí ẹ̀. Ẹlòmíì ì bá sọ òótọ́, kó bẹ̀bẹ̀, kó tán. "Kọ́tìnì ni, Àǹtí," ló wí. "Kọ́tìnì pálọ̀ ni mò ń rán lọ́wọ́."

"Ìwọ?"

"Èmi náà ni, mà."

"Mo gbọ́. Màá wá wò ó ní Sátidé. Tí mo bá bá kọ́tìnì gidi lójú fèrèsé, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Tí mi ò bá bá a, màá gbé máṣíìnì màmá mi lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lò. Búùtù mọ́tò tó máa gbé mi wá tóbi dáadáa."

Ẹ wá wo ìfẹ́. Máṣíìnì tí Ìyá Awò ò nù fún odindi ọdún, ó sáré mú rágì, ó ń nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n pín nílé yẹn, òun nìkan ni wọ́n dárúkọ Ìyá Awò sí. Kí wọ́n wá gbé e jáde lójú ẹ̀, wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹbí pé màmá ṣìṣe nìyẹn.

Ó ra aṣọ. Ẹyẹ onírù gígùn ló kún ara ẹ̀, tí wọ́n dúró lórí ẹ̀ka igi, gbogbo wọn kọ orí síbì kan náà. Ẹ̀yìn aṣọ náà funfun báláú. Ẹni tó ta á fún un ní télọ̀ wà nítòsí tó lè bá a rán an.

"Télọ̀ kẹ̀? Kí ló wà nínú kọ́tìnì? Ṣé ó ní apá ni, àbí ó ní ọrùn?"

Ó délé, ó ká aṣọ sí méjì, etí kan etí, ó sì gé e láàárín. Ó gún régé. Ó wá wo ojú ibi tó gé yẹn, ó wù ú, ó ní ibẹ̀ ló máa jẹ́ òkè fún méjèèjì, níbi tí irin máa gbà kọjá. Tí èèyàn bá ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, orí ẹyẹ ló wà lójú ibi tó gé lára aṣọ kan, ẹsẹ̀ ẹyẹ ló wà níbẹ̀ lára èkejì. Ìyá Awò ò rò ó. Ó ti ro ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ fún aráàlú tó lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣẹ́. Òwú lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà. Ó tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì, máṣíìnì ń lọ sẹ́yìn. Ìgbà tó yá, tó fẹ́ dìde lọ gbé omi kaná, aṣọ tẹ̀ lé e, àṣé ó ti rán etí síkẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó dáa," ni ọkọ ẹ̀ wí, ó ń jẹun lọ.

Ẹ̀yìn aṣọ tó funfun yẹn ló kọjú sí i ní gbogbo ìgbà tó ń rán, ẹyẹ kankan ò hàn. Nígbà tó fi irin bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sún gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀tún àti òsì, ó fi okùn dì í láàárín bó ṣe rí i nínú ilé àwọn olówó, àwọn ẹyẹ sì ká mọ́ra. Ó jìnnà sẹ́yìn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó yin ara ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó máa yìn ín.

Àǹtí Àgbà dé ní Sátidé tòun ti okùn. Ẹ gbọ́ mi: okùn tó nípọn, láti fi di máṣíìnì mọ́ búùtù. Ó gbé e sórí àga, ó wo ojú fèrèsé, ó yínmú díẹ̀.

"Tú u. Fà á kí n rí i."

Ìyá Awò fà á. Ẹyẹ apá ọ̀tún dúró lórí ẹ̀ka bí ọmọlúwàbí. Tapá òsì, gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n na ẹsẹ̀ sókè, bí adìẹ tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Ìyàwó."

"Àǹtí."

"Kí ló ṣe àwọn tọwọ́ òsì?"

"Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Ibì kan náà ni wọ́n ń lọ."

"Ìwọ, tí wọ́n ń sanwó fún kó o máa bi èèyàn ibi tí nǹkan kọjú sí." Àǹtí yíjú sí àbúrò ẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́? O ò rí i?"

"Mo rí i," ni Ó-Dáa wí. "Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ká ní Àǹtí gbé máṣíìnì lọ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń yún un tó bá rí iṣẹ́ tí ẹlòmíì bàjẹ́. "Ẹ sọ méjèèjì kalẹ̀. Kí n kọ́kọ́ fi han yín bí màmá mi ṣe ń ṣe é, ká tó gbé máṣíìnì. A ò ṣáà ní ṣe ju ká tú òkè, ká tú ìsàlẹ̀, kí ìsàlẹ̀ di òkè. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n."

Wọ́n sọ méjèèjì kalẹ̀, wọ́n kó wọn lé àga, ẹ̀yìn funfun kọjú síta. Àǹtí fa ọ̀kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó ń sọ ìtàn bí òun ṣe ń ránṣọ láti kékeré. Etí aṣọ ṣẹ́ po lórí itan ẹ̀, Ìyá Awò sì rí ẹnu ẹyẹ kan, ó kọjú sí òkè tààrà, síbi tí irin ń gbà. Tọwọ́ ọ̀tún ni. Èyí tó dáa ni Àǹtí ń tú.

Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ojú ẹ̀ bọ́ sára okùn orí àga. Ó pa ẹnu ẹ̀ dé.

"Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín, Àǹtí. Ọwọ́ yín mà dá ṣáká o."

"Ẹ̀bùn ni."

Nígbà tí Àǹtí fi máṣíìnì rán an tán, tí wọ́n gbé méjèèjì padà, tí wọ́n fà á, kò sẹ́yẹ kan tó dúró mọ́ nínú pálọ̀ yẹn. Gbogbo wọn dorí kodò láti ògiri dé ògiri. Àǹtí Àgbà wò ó títí. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Wọ́n ti jọra báyìí," ni Ìyá Awò wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ̀n. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kó ṣáà ti jọra." Àǹtí yọ òwú kúrò lára aṣọ ẹ̀. "Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà."

"Ó dáa," ni Ó-Dáa wí.

"Ṣé ká wá gbé máṣíìnì sí búùtù, Àǹtí?"

"Máṣíìnì tó ń fa aṣọ yìí? Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Ẹ fi í síbẹ̀ jàre." Ó ká okùn ẹ̀ sínú báàgì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìwọ lo rán an."

"Ó tì o, Àǹtí. Màá ní ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Títí dòní, àlejò tó bá wọlé máa ń fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wò ó, á ní ó rẹwà. Ìyá Awò mọ̀ pé kò ju kóun tú òkè, kóun tú ìsàlẹ̀. Kò ní tú u. Bí àwọn ẹyẹ yẹn bá ṣì dorí kodò, Àǹtí Àgbà ò ní béèrè máṣíìnì mọ́. Áyọ́ọ̀nù sì ti padà sí àyè ẹ̀ lórí máṣíìnì.