Lílọ Nìkan Ni Ìyá Àgbà Ń Rí

Bí òórùn èéfín púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a ṣù tí a sì fi èéfín yan, bá ti kan imú mi lọ́jà, ìyá ìyá mi ni mo máa ń rántí.

Àìsàn kan ló dá a dùbúlẹ̀, nígbà tó sì dìde, wọ́n ní kò ríran mọ́. Síbẹ̀, bí a bá gbé oúnjẹ wá, yóò ní, "Ẹ mì í." Tí a bá ti mi ẹja níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á bá a tààrà. Inú a máa bí mi. Ẹni tó rí ẹja, kí ló dé tí kò rí èmi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ń yí púpurú lórí iná, èmi ń fẹ́ná, èéfín bo ojú wa. Ìyá àgbà pariwo láti orí àpótí rẹ̀:

"Ọmọ ń rá lọ sídìí iná o!"

Ìyá mi fò, ó gbé àbúrò mi. "Ìyá, ṣebí ẹ ò ríran?"

"N ò rí ọmọ. Lílọ rẹ̀ ni mo rí."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé nínú ọpọlọ ènìyàn, bíi ti ológbò àti ti ọ̀bọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ibi tí nǹkan ń lọ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Bóyá àwọn yẹn ni àìsàn ìyá àgbà kò kàn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, n ò mira. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ó sú mi, mo dìde, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ta ló ń lọ yẹn?" ló wí.