Irin Mẹ́fà Tí Mo Tò Gún Régé

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sè ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi. Omi ọsàn gbígbóná ló fi ń fọ yẹtí àti òrùka tó bá ti dúdú, ìyá mi a sì máa ráhùn pé ìkòkò ọbẹ̀ òun ni wọ́n tún gbé lọ. Iṣẹ́ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni kí n to ohun tí wọ́n bá ti fọ̀ sínú àpótí onígíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Mo mọ̀ ọ́n tò. Bàbá mi a dúró lókèèrè, a di ojú kan, a ní, "Iṣẹ́ tí kò bá gún, ojú oníṣẹ́ ni kò gún." Orí mi a wú.

Sátidé kan báyìí ni Bùrọ̀dá Délé gbé gìtá iná rẹ̀ wá. Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà ni, ó yá yàrá ní àdúgbò wa, òun ló sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí ilé wa. Irin tí wáyà ń wọ̀ lára gìtá náà ti jábọ́, ó fẹ́ kí bàbá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Ó sọ ìdí tí ojú fi ń kán òun. Bàbá tirẹ̀, tó ní oko kòkó, ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ohun tó tìtorí rẹ̀ fi oko sílẹ̀ bá tẹ́ bàbá náà lọ́rùn, yóò dúró sí Òṣogbo. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò padà sóko.

Kí Alásárì tó tó, iṣẹ́ ti parí. Bàbá mi gba mọ́sálásí lọ, ó ní kí n máa wo ṣọ́ọ̀bù. Mo wo gìtá náà títí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé ìdí lé, irin kéékèèké mẹ́fà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùkúrù tirẹ̀. Wọn kò gún. Ọ̀kan yọ síwájú, èkejì fà sẹ́yìn, wágunwàgun bí eyín àgbàlagbà. Àánú Bùrọ̀dá ṣe mí. Mo mú sùkúdíráfà kékeré tí bàbá mi fi ń tún aago ṣe, mo yí wọn títí wọ́n fi tò lórí ìlà kan ṣoṣo. Inú mi dùn débi pé mo tún fi aṣọ nù wọ́n.

Nígbà tí Bùrọ̀dá dé, ó ní okùn òun ti dẹ̀, ó sì yí wọn títí ohùn fi bọ̀ sípò. Ó ta á díẹ̀ lókè ọrùn gìtá, lẹ́bàá orí rẹ̀, níbi tí àṣìṣe mi kò ti lè hàn, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mò ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Orin bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kan Bùrọ̀dá láti dá ta, tí ọwọ́ rẹ̀ sún dé ibi tí ohùn ti ń lọ sókè, ohùn gìtá náà yà bàrá. Ó dúró, ó yí okùn, ó tún ta á, ó tún yà. Àwọn akọrin dákẹ́ kí ó lè rí i tún ṣe, ìyẹn ló wá burú jù. Ìyá mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń da ẹ̀wà tó mọ́ mọ́ èyí tí kò mọ́.

Bùrọ̀dá wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò jà. Ó ní bàbá òun kò bú òun, wọ́n kàn sọ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì pé kòkó ti ń pọ́n, kí òun máa bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí àwọn irin mẹ́fà. Ó ní wágunwàgun yẹn gan-an ni ètò wọn, pé okùn kọ̀ọ̀kan ló ní bí gígùn rẹ̀ ṣe yẹ kó mọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló tò wọ́n gún báyìí?"

Bàbá mi wo àwọn irin náà. Ó wo èmi náà, kò pẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì dákẹ́.

"Èmi ni," ni bàbá mi wí. "Ohun tó bá ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde, ọwọ́ mi ló ti jáde. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi ni eérú tọ̀.

Àwọn méjèèjì jókòó ti gìtá náà di ọ̀sán. Bùrọ̀dá a fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí irin kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, a ta á. A tún tẹ okùn kan náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ti títẹ̀ bá ga jù, bàbá mi a yí sùkúrù kí irin ìdí okùn fà sẹ́yìn. Bó bá relẹ̀ jù, a tì í síwájú. Kò mọ orin kankan, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń ju òrùka sórí òkúta láti fetí mọ ayédèrú, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ pé kò ì tíì pé. Nígbà tó pé, gìtá náà dùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi àwa mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi wọ mọ́tò lọ bẹ bàbá Bùrọ̀dá lábúlé. Bàbá náà fún un lóbì, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, Bùrọ̀dá sì padà sóko.

Bàbá mi kò bi mí léèrè títí ó fi jáde láyé.

Iléṣà ni iṣẹ́ gbé mi lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra obì fún ìdána àbúrò mi, Bùrọ̀dá Délé ni mo bá nídìí apẹ̀rẹ̀ obì. Ó ti hewú. Ó béèrè bàbá mi, mo ní wọ́n ti kú. Ó ṣí fìlà.

"Ó pẹ́ kí inú mi tó yọ́ sí wọn," ó ní. "Àmọ́ wọ́n jẹ́wọ́. Ìyẹn ni mo fi dárí jì wọ́n."

Mo ti lé lógójì ọdún. Kò sí ẹni tó lè nà mí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà, pé èmi ni, dé ẹnu mi. Mo gba obì mi, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn, ẹ̀rù ló bà á. Tèmi ti báyìí, n kò mọ ohun tí mo lè pè é.