Ìpele Méjì Tó Sọnù

Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe ọkùnrin yìí. Ọ̀gá àgbà tó dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀, ayàwòrán ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i tó fa ìlà láti etí pátákó dé etí kejì láìlo rúlà, tí ìlà náà sì tọ́ ṣanṣan. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ó lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú yàrá kan ṣoṣo, lórí àga tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ìjókòó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba èrò orí ọ̀gá, kó sọ ọ́ di àwòrán tí bíríkìlà lè fi kọ́lé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò bá a jà, ó kọ́ ọ. Ó ní kí pẹ́ńsù fà á, kí iná mànàmáná fà á, ìlà ni ìlà ń jẹ́.

Ọ̀gá àgbà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó sáyè rẹ̀. Ọwọ́-ò-gbọ̀n ti mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń jókòó sábẹ́ tábìlì rẹ̀, tó ń ṣa èérún rọ́bà tó fi ń pa ìlà rẹ́ jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ó ń pe ọmọ náà ní Ọ̀gá, ọmọ náà ń pè é ní Bàbá, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì ní "ìwọ".

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, Bíìmù ni wọn yóò máa lò.

"Bíìmù?" Ọwọ́-ò-gbọ̀n ní. "Ṣé ti orí ilẹ̀kùn ni àbí èyí tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró? A kúkú ti ń lò ó tipẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe bíìmù oníkọnkéré, Bàbá," Ọ̀gá ní. "Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò ní máa fa ìlà mọ́. Inú kọ̀ǹpútà gan-an la ó ti máa kọ́ ilé ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá fi ògiri síbẹ̀, ó mọ̀ pé ògiri lòun. Ó mọ bóun ṣe ga tó, ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa gba òun. Tẹ́ ẹ bá sún fèrèsé lójú ìwé kan, á sún lójú ìwé gbogbo. Ẹni tó ń ṣètò iná, ẹni tó ń ṣètò omi, inú ilé kan náà la ó jọ wà."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n mi orí bí ẹni tó yé. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Kí ni ẹja àtijọ́ fẹ́ wí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ìyá Ìbejì, ayàwòrán tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé. Ní ti Ọwọ́-ò-gbọ̀n, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ní kó tún ìrìn kọ́. Ó fẹ́ fa ìlà, ẹ̀rọ fún un ní ògiri. Ó fẹ́ gé ògiri kúrú, ilẹ̀kùn mẹ́rin bá a lọ. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ ohun kan, kò mọ ohun tó tẹ̀, àfi bó ṣe gbọ́ tí ẹni tó ń ṣètò omi ní ìpẹ̀kun yàrá béèrè pé, "Ta ló ṣí òrùlé?" Àwọn mẹ́jọ yòókù gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan," Ìyá Ìbejì sọ jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjì, òrùlé padà sáyè rẹ̀. Ọwọ́-ò-gbọ̀n kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, kíyè sí i nílé pé oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

"Ṣé ẹ ti sọ fún ọmọ yẹn pé kò yé yín?" ó bi í.

"Mo sọ fún un pé ó ń yé mi díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ó ń yé yín díẹ̀díẹ̀?"

"Rárá."

Ìyàwó náà ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Lóṣù kejì, iṣẹ́ kan wọlé. Ilé ìwòsàn aláboyún kan ní òdì kejì ìlú fẹ́ fi ilé kún ilé. Ọwọ́-ò-gbọ̀n ló ya àwòrán ilé náà lọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ èyí tó wà nílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó mọ ibi tí tuntun yóò lẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé àwòrán àtijọ́ wá bá a.

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó yín."

Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó dùn dé. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Ó pe Ìyá Ìbejì kó wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà láyé ìgbà tí ojú ṣì ń tini. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: òun ń ka ìwọ̀n, obìnrin náà ń fi í sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni iṣẹ́ ń lọ geere. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ sì yọ àmì pupa.

"Bàbá, kò dé òkè."

"Kí ni kò dé òkè?"

"Àtẹ̀gùn yìí. Ẹ kọ ọ́ síhìn-ín pé láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ mítà mẹ́ta àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ìpele méjìdínlógún lẹ wá yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún àbọ̀. Kò pé."

"Ẹ̀rọ yẹn ló ń purọ́."

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ọwọ́-ò-gbọ̀n mú pẹ́ńsù, ó ṣírò rẹ̀ sétí ìwé. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mítà mẹ́ta ó dín sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ló ń rí. Ìpele méjì ló sọnù. Nọ́ńbà méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú téèpù, ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Aláboyún kan ń sọ̀ kalẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ọwọ́-ò-gbọ̀n fara ti ògiri títí obìnrin náà fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló gòkè, tó ń kà á lábẹ́ ẹnu. Ogún ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún un kà, ogún ló ṣì jẹ́. Lókè, ìpele méjì tó lé ti jẹ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá tó yẹ kó kọjú sí àtẹ̀gùn sì ti bọ́ sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Kò fìgbà kan yà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sì padà wá wò ó rí.

Agbẹ̀bí kan ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, ṣùgbọ́n bíríkìlà tó kọ́ ọ ṣì wà ní òpópónà kejì. Ọwọ́-ò-gbọ̀n bá baba náà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yẹn, Bàbá," Ọwọ́-ò-gbọ̀n ní lẹ́yìn ìkíni, "ta ló fi méjì kún un?"

Bíríkìlà wò ó títí ó fi dá a mọ̀. "Háà, ayàwòrán. Èmi ni. Ìgbà tí a dà á dé àárín la rí i pé kò ní dé òkè. Mo lọ sọ fún ọ̀gá yín."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọ̀gá yín ní ká má sọ. Ó ní ọmọ yín wà lọ́wọ́ àwọn dókítà, ojú yín ò sí lára iṣẹ́, ká ṣáà tún un ṣe."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n rántí ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ ọ̀hún ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ó fẹ́ dúpẹ́, ó sì fẹ́ bínú, ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó yẹ kó bá bínú sì ti wà nínú ilẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," bíríkìlà ní, ó fẹ́ tù ú nínú. "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni? Kò sí àwòrán yín tá ò tún díẹ̀ ṣe níbẹ̀. Fèrèsé tó kọlu òpó, ilẹ̀kùn tí kò ráyè ṣí. Iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju ti àtẹ̀gùn lọ. Ó fẹ́ béèrè ilé tó jẹ́ àti iye tó jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó kí baba náà pé ó dàbọ̀, ó sì rìn kọjá ibi tí ọkọ̀ ti ń gbèrò láìmọ̀.

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó rọra mí.

"Bàbá, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ìdí tá a fi ń lo ètò yìí gan-an nìyẹn. Ogún lẹ kà, ẹ jẹ́ ká fi ogún sí i."

Ìyá Ìbejì fi ogún sí i, ó gbé ilẹ̀kùn lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, àmì pupa lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọwọ́-ò-gbọ̀n dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń wo ilé tó rò pé òun ló yà á.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti ní kó máa lọ wọn àwọn ilé tó wà nílẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni fún un ní oyè, òun náà sì dúpẹ́. Kí ni kì bá ṣe? Ó ku ọdún méje kó fẹ̀yìn tì. Ó ń lọ, ó ń wọ̀n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, Ìyá Ìbejì ń fi í sínú ẹ̀rọ. Iye ìgbà tó ń wọn ògiri kan ti di mẹ́rin, torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá sì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni, ó ti ń kà á kó tó mọ̀.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ara ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ò yá, ìyá wọn ò sì wá. Ìwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ kan wà lórí tábìlì, Ọ̀gá sì fẹ́ lò ó kó tó di ọ̀sán.

"Bàbá, ṣé ẹ lè fi í sí i?" ó béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Màá gbìyànjú."

Ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ. Ilé náà yọ, ó kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń yí bíríbírí bó ṣe ń mi ọwọ́. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró, kò rí i. Nígbà tí Ọ̀gá padà dé, ó ti kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ìwé ìwọ̀n wà níwájú rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ló pé.