Léopold Tí Kò Gbà Kí Ẹ̀rọ Yàn Fún Òun

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ akẹ́rù kan já ọgọ́ta àga ìgbọ̀nsẹ̀ funfun sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Adélékan, onígbàjámọ̀ kan ní Sèmè-Kpodji. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni Adélékan rà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Fidjrossè ló ni àwọn àga náà. Kí Safurat, akọ̀wé ilé ìtajà tó kó ẹrù ọ̀hún ránṣẹ́, tó sáré débẹ̀ láti Akpakpa, àwọn oníbàárà Adélékan ti jókòó lórí wọn, wọ́n ń retí kí irun gígẹ̀ kàn wọ́n.

Alájà Rasidat tó ni ilé ìtajà náà ní kí Safurat máa lọ sílé pátápátá. Léopold ló gbà á sílẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni bàbá yìí, ó máa ń de táì nínú ooru, òun ló sì ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Ó ṣí àtòkọ àwọn oníbàárà. Orúkọ òkè pátápátá, Adélékan, ti gba àwọ̀ búlúù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá gbàgbé láti tẹ orúkọ mìíràn, tó kàn tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ọ̀dọ̀ Adélékan ni ẹrù rẹ̀ ń lọ.

"Ọmọ yìí kọ́ ló yan Adélékan. Ẹ̀rọ ló yàn án. Ta ló bi í léèrè?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún?"

"Èmi ni. Ṣé gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ bí ló ń gbọ́ tiyín, Alájà?"

Léopold tún ètò náà ṣe. Láti ọjọ́ náà, àtòkọ á ṣí, kò ní sí orúkọ kankan tó yàtọ̀ níbẹ̀. Bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ á ṣú, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan orúkọ. Alájà ní ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ náà dà.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ," ni Léopold fèsì. "Ó ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ yan oníbàárà púpọ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ di bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ bó ṣe ń tẹ orúkọ wọn. Tó bá jù ú sílẹ̀, tó wá tẹ ẹlòmíràn, gbogbo èyí tó ti yàn lọ nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí Safurat títí tó fi fẹ́ sunkún.

"Dì í mú bí ẹni di ọmọ mú ní ọjà Tọ̀kpá," ni Léopold wí.

"Bàbá, mi ò tíì lọ́kọ, ẹ ti kó ọmọ ogún lé mi lọ́wọ́!"

Safurat kò kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Agídí lásán ló pè é, títí di ọjọ́ tí wọ́n jọ jókòó sétí òkun ní Fidjrossè. Ìrètí tó ń tajà níbẹ̀ gbé bíà tí Léopold máa ń mu wá, bàbá kò tíì fìdí kan àga. "Ta ló yàn án fún mi?" Ó dá a padà. Ó gba ìwé ohun mímu, ó wọ awò ojú, ó kà á láti orí omi títí dórí ṣàǹpéènì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé bíà yẹn bọ̀.

Léopold kú lẹ́yìn ọdún tuntun tó kọjá. Armel, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, gbé ètò tuntun wá fún Alájà. Ó ṣí àtòkọ: Adélékan tún ti gba àwọ̀ búlúù.

"Rárá o," ni Safurat pariwo.

"Tántì, ó máa dín iṣẹ́ yín kù ni."

"Ó ti fẹ́ẹ̀ dín in kù tán nígbà kan."

Armel wo Alájà, ó rò pé ìyẹn á gbè é. Alájà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Pa àwọ̀ yẹn rẹ́. Ẹ̀rọ ilé yìí máa ń dúró de èèyàn."

Armel jókòó, ó tún un ṣe. Ibẹ̀ ni Adélékan fúnra rẹ̀ bá wọn, ó wá ra ẹnu ẹ̀rọ omi mìíràn. Wọ́n fi àtòkọ tuntun hàn án: orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ó jókòó jẹ́ẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Safurat tẹ orúkọ náà, ó sì gba àwọ̀ búlúù.

Adélékan na ìka sí i. "Bàbá yẹn kọ́ ẹ̀rọ láti máa dúró dè wá," ó ní, "òun fúnra rẹ̀ ni kò dúró."