Bàtà Òsì Bàbá Kérésì

"Ojú kan ti tó mi."

Ohun tí ìyá mi sọ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn tó wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì ti mọ́ mi lára: ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ṣágámù ni mo ti mú Mọ́mì wá sílé wa ní Kétu, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú wọn méjèèjì tí ohun funfun ti bò. Wọ́n ti ṣe ti ọ̀tún, ó sì dára. Dókítà ní ká mú wọn padà wá ní oṣù kìíní fún ti òsì, pé bí ó bá pẹ́ jù, iṣẹ́ náà á le. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti di báàgì wọn, wọ́n ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n ń lọ wọ mọ́tò ní Mile 12 nìyẹn.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbí?" ni wọ́n bi mí. "Ìwọ àti ìyàwó rẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ń lọ síléèwé, èmi àti fíríìjì la jọ ń wojú ara wa. Ní Ṣágámù, tí mo bá sín, èèyàn márùn-ún ló máa kí mi."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, ẹ̀bẹ̀ ò wọlé.

Lọ́sàn-án, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní òun fẹ́ fi fíìmù Kérésì kan han Grandma. Àwòrán Bàbá Kérésì wà lára páálí fíìmù náà lóòótọ́. Mọ́mì rò pé ìtàn ìbí Jésù ni. Wọ́n ní ká dìde, wọ́n sì gbàdúrà lé tẹlifíṣọ̀n lórí bí ẹni ń gbàdúrà sí oúnjẹ.

Kò pẹ́ sí i ni sàárè là nínú fíìmù náà.

Ọkùnrin kan tó máa ń ṣe Bàbá Kérésì fáwọn ọmọdé ló kú. Wọ́n sin ín pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jí bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tí Kérésì dé, òkú dìde. Ó wọ bàtà kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán, ó ń tiro láti ilé dé ilé, ó ń béèrè pé, "Ta ló gbé bàtà mi?" Ẹni tó bá parọ́ fún un, irùngbọ̀n funfun á hù sí i lágbọ̀n lójú ẹsẹ̀, tọkùnrin tobìnrin.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mọ́mì ti gun orí àga. "Ṣé fíìmù Jésù náà rèé?"

"Grandma, Bàbá Kérésì ni mo sọ, mi ò sọ Jésù."

Mo na ọwọ́ kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Mo ti gbàdúrà sí i. Ohun tí a bá ti gbàdúrà sí, a kì í jẹ ẹ́ kù."

Ariwo yẹn ló mú aládùúgbò wa wọlé, wẹ́dà kan tó ń fi iná jó irin pọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Owódé Onírin, ọmọ apá Ọ̀yọ́. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ìrẹsì Kérésì wa kò fò ó rí.

"Ọ̀gá oníròyìn, ó dáa o. Ìrẹsì la wá jẹ, òkú lẹ gbé ka iwájú wa."

"Jókòó," ni Mọ́mì wí, "má dí mi lójú."

Nígbà tí ìdílé inú fíìmù jókòó ti oúnjẹ ọdún, tí wọ́n ki ṣíbí bọ̀ ọ́, Mọ́mì pàtẹ́wọ́: "Wọn ò gbàdúrà! Ẹ ò ní pẹ́ rí i." Lóòótọ́, ọwọ́ òkú yọ láti inú ìkòkò ìrẹsì. Wẹ́dà fi abọ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó máa jẹ ẹ́ lọ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí fíìmù parí ni òkú dé ilé lándọ́ọ̀dù kan. Lándọ́ọ̀dù ń búra pé òun ò mọ nǹkankan nípa bàtà. Mọ́mì bá fò dìde, wọ́n fi ìka gún ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Irọ́ ló ń pa! Bàtà ọ̀hún nìyí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló fi ti ilẹ̀kùn!"

Kò sẹ́ni tó rí i nínú wa. Ọmọ mi dá fíìmù padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Bàtà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú òkùnkùn, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

"Èmi tí mò ń fojú wo iná lójoojúmọ́, mi ò rí i," ni wẹ́dà wí.

"Ojú kan ni mo fi rí i," ni Mọ́mì dáhùn.

Wọ́n jókòó padà. Mo rí i tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, tí wọ́n fi ti òsì wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọ́n nu ojú òsì náà.

Òkú gba bàtà. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò wọ̀ ọ́. Ó wo ilẹ̀: bàtà ọ̀tún ni! Òun náà ti wọ ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ká máa retí apá kejì.

"Ó tán?" Mọ́mì wo gbogbo wa. "Bàtà ọ̀tún méjì! A jẹ́ pé òkú mìíràn ṣì wà níta tí ò ní bàtà. Ìgbà wo ni apá kejì ń jáde?"

"Oṣù kìíní ni, Mọ́mì," ni wẹ́dà wí, láìṣẹ́jú. "Wọ́n ti lẹ pósítà ẹ̀ káàkiri Owódé Onírin."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Owódé kọjá ní àná ni. Kò sí pósítà kankan. Mo wo ojú rẹ̀, òun ń wo ìrẹsì. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé oṣù kìíní ni dókítà dá fún ojú Mọ́mì. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò jẹ́ kí ìròyìn tí kò ní ẹ̀rí kọjá lójú mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ́ kó kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, báàgì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti wà nídìí ẹ̀rọ omi láàárín àwọn obìnrin ilé, wọ́n ń sọ ìtàn fíìmù náà fún wọn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, wọ́n ń béèrè bàtà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, òkú ti di mẹ́ta nínú ìtàn wọn.

"Grandma, òkú kan ni."

"Ìwọ lo rí bàtà, àbí èmi?"

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì tú báàgì, wọ́n yọ ìró kan jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí Mọ́mì bá sín, àwọn ará ilé ń kí wọn láti yàrá mẹ́rin.

Wọ́n ṣe ojú òsì ní oṣù kìíní. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bò ó, mo ń retí ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Mọ́mì fi ojú méjèèjì wò mí.

"Apá kejì dà?"

A délé, mo pe wẹ́dà kó wá jẹ́rìí ara rẹ̀. Ó họ orí, ó ní wọ́n ti sún un sí Ọdún Àjíǹde.

Mọ́mì dìde. Wọ́n gbé báàgì wọn.

"Ó bá a mu," ni wọ́n wí. "Ṣebí òkú tó ń dìde ni. Ẹ wá mú mi ní Ṣágámù nígbà yẹn."