Ìlà Kan Tí N Kò Pa Rẹ́

Kíákíá ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí. Ìkànnì ayélujára tí ẹlòmíràn á fi oṣù kan kọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni tèmi. Àṣírí ibẹ̀ ni pé n kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Màá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àtijọ́, màá yọ orúkọ àti fọ́tò ẹni àkọ́kọ́, màá fi ti ẹni tuntun sí i. Àwọn oníbàárà gan-an kì í jẹ́ kéèyàn simi. "Ẹ jẹ́ kí orúkọ mi tóbi sí i." Ó ti gba ìdajì ojú ewé, ṣé kó jáde sí títì ni?

Obìnrin kan tí mò ń pè ní Aránṣọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, kò yọ mí lẹ́nu ní tiẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo kọ́ ìkànnì fún ọkọ rẹ̀ tó ń ta mọ́tò. Ọkùnrin yẹn kì í pariwo, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó gbé omi wá fún mi, mo rí bí apá rẹ̀ ṣe dápàá. Mo mu omi náà, mo sì dákẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tí Aránṣọ wá bá mi, ó ti sá kúrò nílé ọkọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ẹ bá mi kọ́ ìkànnì fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ mi sí i, ẹ má fi fọ́tò mi sí i. Bí ọkọ mi bá rí mi, pípa ló máa pa mí."

"Fọkàn balẹ̀," ni mo wí. N kò fi àdírẹ́sì síta rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣọ á kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù. Bí Aránṣọ bá ti gbà á, ìkànnì á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí onítọ̀hún nínú í-meèlì. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi débi pé mò ń súfèé. Ọjọ́ mẹ́ta, mo ti parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù mi dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Kíákíá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn lẹ́tà yẹn ń wọlé dáadáa."

"Lẹ́tà wo, ọ̀gá?"

"Ti àwọn tó fẹ́ ránṣọ. Èmi tí mò ń ta mọ́tò!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àdírẹ́sì náà sì hàn ketekete. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó pa fóònù. Mo sáré ṣí iṣẹ́ náà. Ìkànnì ọkọ ni mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìyàwó, torí fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló dáa jù. Ìlà kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: gbogbo lẹ́tà tó bá jáde, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí í-meèlì ọkọ. Háà, mo gbé! Mo pa á rẹ́, àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo pe Aránṣọ. Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Jáde níbẹ̀! Gba ẹ̀yìn!"

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù yìí ní, Ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Mọ́tò rẹ̀ ti dúró níta. Nínú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ibi tí mo wà fún."

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ìlà náà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.